Ẹni Tó Fi Ọ̀wọ̀ Pa Orúkọ Bàbá Okotoks Rẹ́

Akínbámi Ọlábánjọ kì í pe àgbà lórúkọ. Bí ẹ bá jí i lójú oorun, tí ẹ bi í pé kí ni orúkọ bàbá tó kọ́ ọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ ní Iléṣà, "Tíṣà wa" ni yóò fi dá yín lóhùn, bẹ́ẹ̀ ó mọ orúkọ náà bí ẹní mowó. Ìyá rẹ̀ àgbà ló tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tó ṣèèṣì dárúkọ bàbá ará ilé kejì níṣojú àlejò, màmá náà fọ́ ọ létí, ó sì ní kó lọ kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kó ronú sí ohun tí ẹnu rẹ̀ ṣe. Ó ronú sí i. Ó ṣì ń ronú sí i títí dòní.

Ẹ̀kọ́ náà bá a wọ bàálù dé Calgary ní Kánádà. Ní ilé iṣẹ́ epo tó ti kọ́kọ́ ríṣẹ́ ní àárín ìlú, àti ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ló ń pe ọ̀gá pátápátá ní Doug. Akínbámi nìkan ló ń pè é ní "sir." Doug bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó yé pe òun bẹ́ẹ̀, nítorí bó bá ti gbọ́ ọ, ńṣe ló máa ń wẹ̀yìn wò bóyá bàbá òun ló wọlé. Akínbámi ní, "Okay, sir." Wọ́n bá fi í sílẹ̀. Àwọn náà ní Akínbámi ti gùn jù fún ẹnu wọn, wọ́n sọ ọ́ di Ben, kò sì bá wọn jà. Lójú tirẹ̀, ẹni tó wá jẹun nílùú onílùú kì í jà nítorí ohun tí wọ́n bá fi pè é sídìí àwo.

Lẹ́yìn náà ni owó epo já wálẹ̀. Ìyẹn lọ́dún 2015, nígbà tí ilé gogoro ń ṣófo láàárín ìlú, tí àwọn ẹnjiníà sì ń wa táksí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, káàdì tí Akínbámi fi ń ṣílẹ̀kùn kò ṣí i mọ́. Ó rò pé ó dọ̀tí ni. Ó ṣì ń fi ẹ̀wù nù ún nígbà tí ẹnì kan gbé páálí jáde fún un, ife tíì rẹ̀ àti fọ́tò ìyàwó rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kó tó dé ìdí train, wọ́n ti yọ orúkọ Ben kúrò lára ilẹ̀kùn.

Monísọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wá ń gbọ́ bùkátà ilé wọn ní àdúgbò Beltline. Kò sọ ọ̀rọ̀ gún un lára, ìyẹn gan-an ló sì ń dun Akínbámi. Ó ń dáná, ó ń fọ aṣọ, ó ń kọ̀wé wáṣẹ́, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń fi èdè dídùn sọ fún un pé kò sí. Nígbà tó tó ọdún kan, ó ti mọ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sè ju ìyàwó rẹ̀ lọ, kò sì mọ bóyá kóun máa yọ̀ sí i.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Roseline ló kọ́kọ́ fún un ní ìrètí. Roseline ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní ìlú Cochrane, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ bí abẹ́ ilẹ̀ ṣe rí, èyí tí àwọn awapo ti ń kó jọ láti àtijọ́. Inú àwọn díìsìkì ayé ọjọ́un ni àkọsílẹ̀ náà wà, àwọn ẹ̀rọ tó lè kà wọ́n sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí Linux ni àwọn kọ̀ǹpútà tuntun tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́, Linux kò sì mọ̀ bóyá díìsìkì ni wọ́n tàbí abọ́.

Ẹ jẹ́ kí n là á fún ẹni tí kò bá kọ̀ǹpútà ṣọ̀rẹ́. Nínú kọ̀ǹpútà, kernel ni baálé: òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló ń sọ ẹni tó lè fọwọ́ kan kí ni. Filesystem ni ìyàwó ilé tó mọ ibi tí gbogbo ẹrù wà, tí ẹnikẹ́ni kò lè rí ṣíbí mú bí kò bá bi í. Linux jẹ́ baálé kan; ẹ̀rọ àtijọ́ tó kọ àwọn díìsìkì náà ní baálé tirẹ̀. Ohun tí Roseline ń fẹ́ ni pé kí ẹnì kan mú filesystem kúrò lọ́ọ̀dẹ̀ baálé àtijọ́ wá sọ́ọ̀dẹ̀ Linux. Iṣẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ sì mọ̀ pé ìyàwó tuntun kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ àbísọ. Monísọ́lá fúnra rẹ̀, Akọ̀wé ló ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọkùnrin náà kò kọ lẹ́tà rí láyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún filesystem: gbogbo ohun tó ń pè báyìí lọ́hùn-ún ló gbọ́dọ̀ kọ́ láti máa pè báyẹn níhìn-ín, ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ṣì í lẹ́nu.

Roseline sọ fún un pé, "Ben, bó o bá mú un ṣiṣẹ́, tí lọ́yà mi sì wò ó tó ní kò sí ẹjọ́ nínú rẹ̀, iṣẹ́ ti wà fún ọ."

Akínbámi ní, "Yes, ma."

Bàbá kan ní Okotoks, ìlú kékeré kan nítòsí Calgary, ló kọ filesystem náà, Orest Halkow lorúkọ rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ó sì ti ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú láísẹ́ńsì tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Bí a bá sọ ọ́ ní Yorùbá, ohun tó wí ni pé: Gbà á. Lò ó bó ṣe wù ọ́. Tún un ṣe, kí o sì fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n orúkọ mi tó wà lókè kò gbọdọ̀ kúrò, kò sì gbọdọ̀ yí padà. Ẹni tó bá yí i padà, àyè tí mo fún un ti parí. Linux ní láísẹ́ńsì tirẹ̀ náà, lọ́yà Roseline sì ti yẹ méjèèjì wò, ó ní wọ́n lè bára wọn gbé.

Akínbámi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ibi tó bá ti rú u lójú, á kọ email sí bàbá náà, bàbá á sì fi sùúrù dáhùn. "Good morning, Daddy" ni Akínbámi fi ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Bàbá dá a lóhùn nígbà kan pé gẹ́gẹ́ bí òun ṣe mọ̀, òun kò bí ọmọ kankan sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó ṣì dáhùn ìbéèrè náà délẹ̀délẹ̀. Akínbámi fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí àgbà tó ti fún un ní àkókò tó tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti wọ ìlú náà.

Nígbà tó di ọjọ́ kan, Linux ṣí díìsìkì àtijọ́, ó sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Akínbámi jó yí àga ká. Ó wá ku kó gbé kóòdù náà síta fún aráyé. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sí ìlà àkọ́kọ́ nínú fáìlì: "Copyright 1987 Orest Halkow." Bó ṣe wà nínú fáìlì yìí ló wà nínú gbogbo wọn. Kò sí Ọ̀gbẹ́ni, kò sí Ẹnjiníà, kò sí nǹkankan. Orest Halkow, ṣákálá, bí ẹni pé àwọn jọ ta ayò dàgbà.

Ẹ̀yìn ọwọ́ ìyá rẹ̀ àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í yún un létí. Ta ni òun tí òun yóò fi orúkọ òun sí abẹ́ iṣẹ́ tí orúkọ àgbà wà ṣákálá lórí rẹ̀? Gbogbo ohun tó ti ń ṣe láti oṣù mélòó kan náà kúkú ni pé kó máa yí orúkọ padà, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Kò fi lọ ẹnikẹ́ni. Ó tẹ àṣẹ kan ṣoṣo, gbogbo fáìlì sì yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó wà níbẹ̀ wá di: "Our Daddy, Engineer Sir O. H." Ó sinmi lé àga, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé e síta. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ bí ọkàn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àga fún àgbàlagbà nínú bọ́ọ̀sì.

Roseline ló kọ́kọ́ pè. Ó ní lọ́yà òun fẹ́ mọ ẹni tó ń jẹ́ Our Daddy.

Akínbámi ṣàlàyé. Roseline gbọ́ ọ délẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ fún un pé láísẹ́ńsì náà kò le rárá, ohun kan ṣoṣo ló béèrè, ohun náà gan-an ni Akínbámi ṣe. Àyè tí wọ́n fún un ti parí. Bó bá tilẹ̀ dá orúkọ náà padà, lọ́yà ní àfi kí oníkóòdù fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun tún fún un láyè. Roseline ní òun kò fẹ́ fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti ń béèrè iṣẹ́ náà, òun kò sì lè dúró títí.

Email bàbá Okotoks tẹ̀ lé e. Kò gùn. Ó ní, "Kí ni mo ṣe fún ọ tí o fi yọ orúkọ mi?"

Akínbámi ka ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dá gbogbo orúkọ náà padà lójú ẹsẹ̀. Ó kọ̀wé ẹ̀bẹ̀, ó tún kọ òmíràn tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bàbá kò fèsì. Nígbà tí Monísọ́lá tibi iṣẹ́ dé, ó bá a nídìí tábìlì tó gbé ọwọ́ lérí, ìrẹsì sì ti jóná.

Nígbà tó gbọ́ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́, ó ní, "Bámi, ta ló ní kó o fi bàbá joyè? N'Íléṣà gan-an, ọba ló ń fi èèyàn joyè, kì í ṣe programmer."

"Mo bọ̀wọ̀ fún un ni now. Ṣé kí n wá kọ ọ́ gbangba bẹ́ẹ̀ like say we be mates?"

"Òun ló kọ ọ́ gbangba. Ìwọ lo wá bá a bò ó." Ó ń wo ọkọ rẹ̀, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àánú sì tún ṣe é. "Mo ní off lọ́la. Email kọ́ la fi ń bẹ àgbà. A máa lọ bá a nílé."

Monísọ́lá ní ọwọ́ òfo kò gbọdọ̀ bá àwọn débẹ̀. Ó mú iṣu kan tó ti ń pa mọ́ fún ọjọ́ ìbí ara rẹ̀, iṣu gidi láti ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé, ó sì fi aṣọ ìnura wé e kí òtútù má bàa mú un. Òun náà ló wa ọkọ̀. Chinook, afẹ́fẹ́ gbígbóná ibẹ̀, ti fẹ́ lánàá, ó yọ́ snow gbogbo; òtútù sì padà dé mọ́jú, ó sọ omi náà di yìnyín tó ń dán. Nígbà tí wọ́n dé Okotoks, ńṣe ni iwájú ilé bàbá náà dà bí dígí.

Akínbámi tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀. Ó gbé iṣu fún ìyàwó rẹ̀, ó tún ẹ̀wù òtútù rẹ̀ ṣe, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí yìnyín, àyà nílẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá sígbọnlẹ̀ kan tó wọ sálúbàtà, tó gbé awò sórí irun funfun, yọjú síta. Ó rí ọkùnrin kan tó nà gbalaja níwájú ilé òun. Ojú rẹ̀ funfun ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó ní, "Má mira. Má gbé orí rárá. Àárọ̀ yìí ni mo fẹ́ da iyọ̀ sí i kí yìnyín náà yọ́, mo búra." Ó ti sáré wọ garage kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, nítorí ní ìlú yẹn, ẹni tó bá ṣubú sórí yìnyín níwájú ilé yín lè gbé yín lọ sí kóòtù. Ó jáde pẹ̀lú garawa iyọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bù ú yí Akínbámi ká bí ẹni tó fẹ́ yan án. "Jọ̀ọ́, má pè mí lẹ́jọ́. Àgbàlagbà ni mí. Dárí jì mí."

Akínbámi kò gbójú sókè. "Please, sir, èmi ni kí ẹ dárí jì."

"Rárá o, èmi ni mo jẹ̀bi."

"Sir, èmi ni."

Monísọ́lá ti gbé iṣu lé orí ọkọ̀, ó di ọkọ̀ mú, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè dúró. Nígbà tó rí ohùn mú, ó ní, "Sir, nothing do am. Nọ́ọ̀sì ni mí. Kò ṣubú. Ó ń kí yín ni. Òun ló yọ orúkọ yín."

Ọwọ́ bàbá dúró nínú garawa. Ó wo ẹ̀yìn orí Akínbámi pẹ́. "Ìwọ ni Ben."

"Yes, sir."

"Dìde."

Akínbámi gbìyànjú láti dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì fi ìdí jókòó gbì sáàárín iyọ̀.

Bàbá bi í pé, "Ṣé ìkíni nìyẹn náà?"

"Rárá, sir. Ìyẹn, mo ṣubú ni."

Wọ́n jókòó nídìí tábìlì ilé ìdáná. Bàbá po tíì. Ó wo iṣu, ó bi wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bóyá igi ìdáná ni. Monísọ́lá sì ṣèlérí pé òun yóò sè é kí òun tó lọ. Lẹ́yìn náà ni Akínbámi sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní nílé àwọn, ẹni tí a bá bọ̀wọ̀ fún, a kì í dárúkọ rẹ̀, òun kò sì rò ó sí ibi.

Bàbá ń gbọ́. Ó ní, "Bí àwọn àgbà yín bá wá kú tán, báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tó ṣe kí ni?"

"A máa ń ki wọ́n, sir. Ìgbà yẹn la ń dárúkọ wọn dáadáa."

"Ìyẹn ni pé kí n kọ́kọ́ kú."

Akínbámi rọra gbé ife tirẹ̀ sílẹ̀. Monísọ́lá ń wo inú ife tíì rẹ̀.

Bàbá sọ fún wọn pé owó epo ti já wálẹ̀ rí ní Calgary kí wọ́n tó bí Akínbámi. Lọ́dún 1986, òun náà ní ọ́fíìsì láàárín ìlú, orúkọ òun sì wà lára ilẹ̀kùn, lórí irin pẹlẹbẹ kan. Òun dúró níbẹ̀ pẹ̀lú páálí lọ́wọ́ nígbà tí ọkùnrin kan fi ìtúdè tú orúkọ náà, ó tú ìṣó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń súfèé. Òun wálé, òun wọ basement, yàrá abẹ́ ilé, inú basement náà lòun ti kọ filesystem yẹn láàárín ọdún tí kò sí iṣẹ́. Kò sí ẹni tó bẹ òun níṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó parí, òun fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, òun sì sọ pé orúkọ tó wà lórí eléyìí, ẹnikẹ́ni kò ní tú u mọ́.

Ó ní, "N kò béèrè owó. N kò béèrè ìyìn. Mo kàn fẹ́ kó hàn pé mo wà níbẹ̀ ni."

Ojú ti Akínbámi, ìtìjú náà sì jinlẹ̀ ju ti àárọ̀ lọ. Ó rántí káàdì tó ń fi ẹ̀wù nù. Ó rántí ilẹ̀kùn tirẹ̀. Gbogbo ìgbà tó ń kọ "Daddy, Daddy" wọ̀nyẹn, ìtúdè ló mú lọ́wọ́ tí kò mọ̀. Àṣejù ọ̀wọ̀, òun náà ti kángun sí ẹ̀tẹ́.

Bàbá ní, "Mo máa pe obìnrin Cochrane yẹn. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pè mí lórúkọ."

"Mister Hal—"

"Rárá."

Akínbámi wo ìyàwó rẹ̀. Monísọ́lá ní, "Má wò mí o. Ìyàwó ni mí, èmi ò lè pè é." Akínbámi wo àjà. Ó nu ẹnu. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí àga, bí ènìyàn bá lè kúnlẹ̀ lórí àga, ó sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Orest Halkow." Ó dúró de ìfọ́tí. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n kí tó sì gbọ́ ìkíni náà.

Bàbá ní, "Ó dáa. Ta wá ni Ben?"

"Èmi ni, sir."

"Mo wá inú kóòdù náà délẹ̀, mo fẹ́ mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ dáadáa bẹ́ẹ̀. Ben O. ni mo rí. Ìyá rẹ ló sọ ọ́ ní Ben?"

Akínbámi ní rárá. Ó dárúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Bàbá fa kọ̀ǹpútà sún mọ́ ọn, ó ní kó kọ ọ́ síbẹ̀, lábẹ́ ti òun, bó ṣe jẹ́ gan-an. Akínbámi kọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Bàbá gbé awò bọ ojú, ó wò ó, ó ní lọ́dún 1987, irú àmì bẹ́ẹ̀ ìbá ti gbé ẹ̀rọ òun ṣubú pátápátá. Lẹ́yìn náà ló pe Roseline lórí fóònù. Ó ní òun ti fún un láyè padà. Nígbà tí Roseline bi í pé ta ló fún, ó ní, "Kì í ṣe Ben o," ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dán orúkọ náà wò lẹ́nu, ó ṣì í, ó tún un pè, ó ṣì í, títí ó fi bọ́ sójú ẹ̀. Níbi iná tí Monísọ́lá ti ń bẹ iṣu, Akínbámi rí i tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, kì í sì í ṣe àlùbọ́sà ló ń gé.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Cochrane. Ọmọbìnrin tó ń ṣe káàdì ilẹ̀kùn bi í pé kí ni kóun kọ sí i, ó ní Roseline sọ pé Ben ló ń jẹ́.

Ó ní, "Akínbámi Ọlábánjọ," ó sì pè é ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún un.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn kò mọ àmì. Káàdì jáde, orúkọ náà wà níbẹ̀ ṣákálá. Ọmọbìnrin náà ní kó máa bínú. Akínbámi ní kò sí wàhálà, ó yá báírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi àwọn àmì náà sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó tó fi káàdì náà ṣílẹ̀kùn.